Ó Tún Un Ṣe ní Kọ̀rọ̀, Ó Sẹ́ Ẹ ní Gbangba

Iṣẹ́ ọmọbìnrin yìí ni kó máa wá ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́, kí ọ̀tá tó wá a kàn. Bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá ti kọ ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tán, òun ni wọ́n máa ń gbé e fún. Á tì í síwá, á tì í sẹ́yìn, á máa bi í ní ìbéèrè burúkú títí yóò fi mọ ibi tó ti mẹ́hẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Atúdìí, torí pé kì í fi ọ̀ràn sílẹ̀ láìtú ìdí rẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé bàbá rẹ̀ pàápàá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Ọkùnrin tí ìtàn yìí kàn wà lára àwọn tó ń tọ́jú èdè tí wọ́n fi ń kọ àwọn ìkànnì wọ̀nyẹn. Kì í ṣe èdè tí à ń fi ẹnu sọ. Àṣẹ ni, tí èèyàn ń kọ sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tó máa ṣe. Àìmọye ìkànnì ló dúró lé e lórí, ìwọ̀nba èèyàn tó fọ́n káàkiri ayé ló sì ń tún un ṣe, tí wọ́n ń dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń lò ó. Òun ló ń dáhùn jù nínú wọn. Kódà kí o bi í ní ìbéèrè tí ọmọdé ò ní bèèrè, kò ní jágbe mọ́ ọ. Onísùúrù ni gbogbo ayé ń pè é.

Ibi ìpàdé àwọn tó ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni òun àti Atúdìí ti pàdé. Onísùúrù wà lórí pèpéle, ó ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń lo èdè náà, ni Atúdìí bá nawọ́, ó dìde, ó sì sọ níwájú gbogbo gbọ̀ngàn pé àpẹẹrẹ tó fi hàn wọ́n kò tọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Onísùúrù wo ara ògiri níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ hàn sí, ó wò ó pẹ́, ó sì yíjú sí i.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Òótọ́ lẹ sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi àṣìṣe yìí kọ́ àwọn èèyàn. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ẹ̀."

Nígbà tí ìpàdé parí, Onísùúrù wá a rí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ife kọfí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ máa dárí jì mí tí mo bá bèèrè," ló ní. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn ni, àbí èmi nìkan lẹ dìídì wá bá?"

"Gbogbo èèyàn ni. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín."

"Kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò bá yín pàdé lọ́dún tó kọjá."

Atúdìí ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹwà ọkùnrin yẹn ló ń rò. Ó ti bá ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣiṣẹ́, ó sì ti rí bí ojú wọn ṣe máa ń le tí obìnrin bá tọ́ wọn sọ́nà ní gbangba. Ti eléyìí ò le. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, bí èèyàn bá lè gba ẹ̀bi níwájú ọ̀pọ̀ èrò báyẹn, kí ni kò ní lè gbà nínú yàrá tó jẹ́ èèyàn méjì péré ló wà níbẹ̀?

Ìfẹ́ wọn kò pariwo. Onísùúrù máa ń wá sí ilé Atúdìí lọ́jọ́ ìsinmi, á gé àlùbọ́sà, á máa sunkún àlùbọ́sà, Atúdìí á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, Onísùúrù ní òun fẹ́ kí àwọn fẹ́ ara àwọn.

Ìyá Onísùúrù ló kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Agbẹ̀bí ni màmá yìí ní ilé ìwòsàn kan, obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe, tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Àbúrò ìyá Atúdìí, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Aránṣọ, ló ń rán aṣọ fún màmá yìí. Ìyá Atúdìí ti di olóògbé, Àǹtí yìí ló sì dúró bí ìyá fún un, nítorí náà ọrùn rẹ̀ ni iṣẹ́ alárinà bọ́ sí. Ó wá ọjọ́ kan tí màmá agbẹ̀bí wá wọn aṣọ, ó sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ọmọ yín dára," ni màmá wí, ó na apá kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n. "Mi ò sọ pé kò dára. Àmọ́ ẹni tó ń fi wíwá àlébù jẹun, tó bá délé ọkọ tán, àlébù ta ni yóò máa wá kiri?"

Àǹtí Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Màmá, ẹ̀yin náà ń fi gbígbẹ̀bí jẹun. Ṣé tẹ́ ẹ bá délé, bàbá lẹ máa ń gbẹ̀bí fún ni?"

Màmá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbé e lọ. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbà pé kí àwọn ẹbí méjèèjì jókòó.

Yàrá àlejò bàbá Atúdìí ni wọ́n jókòó sí. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, ó yọ fìlà, ó ní, "Mo wa bọ́ọ̀sì títí irun mi fi funfun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé awakọ̀ tó bá kó èrò kọjá agbára ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dá ẹni tó ṣe ọkọ̀ lẹ́bi. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má di ẹrù tó pọ̀ jù lé ara yín lórí." Ọ̀rọ̀ náà wu Onísùúrù. Ó ní kí bàbá tún un sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, nínú ilé ìdáná Atúdìí, ni nǹkan yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Atúdìí ò mọ̀ nígbà náà. Ó ti ń lé ohun kan láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ti rí i mú.

Bí èèyàn bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìkànnì kan, apá kan wà nínú èdè yẹn tó máa ń tú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tú ẹrù. Ohun tí Atúdìí rí ni pé, bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ di ọ̀rọ̀ kékeré kan, ìdì nínú ìdì nínú ìdì, èdè náà á máa tú u lọ láì lè dúró. Kò ní jí nǹkan kan, kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ò ní ráyè gbọ́ ti ẹlòmíràn mọ́. Gbogbo ẹni tó bá wá sí ìkànnì náà á dúró síta bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí onílé wà nínú ilé tí kò dáhùn.

"Wá wo nǹkan," ló sọ fún Onísùúrù. Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Fáànù inú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ojú rẹ̀ sì dúró gbagidi.

Onísùúrù fi ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà sílẹ̀. "Tún dán an wò kí n rí i."

Ó tún dán an wò. Ẹ̀rọ náà tún kú.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ìwọ nìkan. Lọ́la ni mo fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú èdè yẹn."

Onísùúrù nu ọwọ́ rẹ̀. "Fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà tó yẹ. Má dárúkọ mi sí i, kí wọ́n má bàa sọ pé mo ṣègbè fún ọ."

Inú Atúdìí dùn sí i. Ó rò pé ìwà ọmọlúàbí ni.

Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe àkójọ àlébù ẹ̀rọ kọ ọ́ mọ́ àwọn àlébù tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i pé òun ló rí i, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ sì ra kéèkì fún gbogbo ọ́fíìsì. Kéèkì ọ̀hún ò tíì tán tí èsì fi dé. Àwọn olùtọ́jú èdè ní kì í ṣe àlébù. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ ìkànnì rẹ̀ láì díwọ̀n ohun tó ń wọlé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ibi tí èèyàn bá ti rí orúkọ Atúdìí ni ọ̀rọ̀ kan dì mọ́ ọn lẹ́yìn: wọ́n ń jiyàn rẹ̀.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin tí kì í fẹ́ ariwo, ní kí àwọn olùtọ́jú yan ẹnì kan tó máa bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán síbẹ̀. Wọ́n jókòó yí tábìlì ká, Atúdìí, ọ̀gá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá gbé fóònù sí àárín, ó ṣí i kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ẹni náà wí.

Ohùn Onísùúrù ni.

 Atúdìí retí kí Onísùúrù sọ pé òun mọ ọ́n. Kò sọ ọ́.

"Arábìnrin tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá, a bọ̀wọ̀ fún un," ni ohùn náà ń wí, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. "Ó ṣe wàhálà. Àmọ́ kò sí àlébù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi bọ́ọ̀sì ṣàpèjúwe. Awakọ̀ tó bá kó èrò kọjá agbára ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ dá ẹni tó ṣe ọkọ̀ lẹ́bi."

Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atúdìí mi orí pé àpèjúwe náà dára.  Ọ̀rọ̀ bàbá Atúdìí, tí wọ́n sọ nínú ilé bàbá rẹ̀, ni ọkùnrin yìí gbé dání tó fi ń lù ú níwájú àwọn tó ń fún un níṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n pa fóònù, ọ̀gá fọwọ́ kàn án léjìká. "Sinmi díẹ̀ nínú iṣẹ́ yíyẹ ìkànnì wò. Máa bá wa dá àwọn oníbàárà lóhùn ná." Bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé Atúdìí ti tú ìdí afẹ́fẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóònù yẹn gan-an, ó gba ilé Onísùúrù lọ tààrà láti ibi iṣẹ́.

"Ìwọ lo sọ̀rọ̀," ló wí, kò tilẹ̀ jókòó.

"Èmi ni wọ́n rán. Ohun tí gbogbo wa fẹnu kò sí ni mo sọ."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí lo gbà gbọ́?"

"Ọ̀rọ̀ náà ní ìhà méjì. Ẹni tó kọ ìkànnì ló yẹ kó díwọ̀n ohun tó ń wọlé."

"Ẹ̀rọ mi kú níwájú rẹ."

"Mo rí i. Ṣé gbogbo ohun tó bá kú níwájú mi, èmi ni mo pa á?" Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jọ̀ọ́, ní sùúrù. Iṣẹ́ niṣẹ́, ilé nilé. Tí a bá ṣègbéyàwó tán, gbogbo rẹ̀ á ti lọ."

Atúdìí padà sílé pẹ̀lú iyèméjì. Bóyá òótọ́ ló sọ. Ó tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ibi tó ti lè ṣìnà, kò rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ojú òun ló ti fọ́ tóun ò fi rí i. Àǹtí Aránṣọ ní kó má fi ẹjọ́ ọ́fíìsì da ilé rú. "Ọkọ tí kò ní bá ọ jiyàn, fọ́tò rẹ̀ ni kí o lọ fẹ́," ni Àǹtí wí. Ó ti gé aṣọ ìgbéyàwó, ó ti rán apá kan. Atúdìí gbà. Ó bẹ Onísùúrù pàápàá pé kó má bínú pé òun wá bá a bí ọlọ́pàá.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn olùtọ́jú gbé ẹ̀dà tuntun èdè náà jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, láìní ìdí kan pàtó, Atúdìí fi ìdì rẹ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ sí i. Èsì padà kí ó tó gbé ìka kúrò. Fáànù ò kùn rárá. Ó dán an wò léraléra, kò sí ohun tó kú. Wọ́n ti tún un ṣe, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó yẹ kí òun àti Onísùúrù lọ wọn fèrèsé nínú ilé tí wọ́n fẹ́ gbà. Yàrá náà ṣófo, òórùn ọ̀dà tuntun kún ibẹ̀, Onísùúrù sì ti gun àga, ó na téèpù tí Àǹtí fi ń wọn aṣọ sí fèrèsé.

"Ẹ ti tún un ṣe," ni Atúdìí wí.

"Tún kí ni ṣe?"

"Mo dán an wò láàárọ̀. Ta ló tún un ṣe?"

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká jọ sílẹ̀. Onísùúrù ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

"Èmi ni."

"Ta ló kọ ibẹ̀ níjọ́sí?"

Onísùúrù sọ̀ kalẹ̀. "Èmi náà ni. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi ni. Òun ni wọ́n fi mọ̀ mí, òun ni wọ́n fi gbà mí mọ́ra."

"Nítorí náà, láti ọjọ́ tí o ti dúró nínú ilé ìdáná mi lo ti mọ̀ pé òótọ́ ni."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa yẹ orí ara mi wò bóyá ó ti dàrú. O jẹ́ kí n bẹ̀ ọ́."

"Mo tún un ṣe nítorí rẹ."

"Irọ́. Tó bá jẹ́ nítorí mi ni, ò bá ti sọ ọ́. O tún un ṣe ní kọ̀rọ̀, o sì fi mí sílẹ̀ ní gbangba pẹ̀lú orúkọ òpùrọ́." Ohùn rẹ̀ ò gòkè. "Mi ò bá ọ jà torí pé iṣẹ́ rẹ ní àlébù. Iṣẹ́ ta ni kò ní?"

Ó mú téèpù Àǹtí nílẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé náà. Onísùúrù pè é lórí àtẹ̀gùn. Kò wẹ̀yìn.

Àǹtí Aránṣọ bọ́ aṣọ ìgbéyàwó kúrò lára ère tó fi ń wọn aṣọ, ó sì ká a. Atúdìí kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀.

Ohun tí èèyàn bá bò mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn lè hú u. Nítorí pé wọn ò kéde pé ẹ̀dà tuntun náà ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ ìkànnì ni kò kánjú gbà á. Àwọn ọmọ burúkú kan rí ọ̀nà ọ̀hún, wọ́n sì kọlu àwọn tó kù sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ni ìkànnì tí àwọn aláboyún fi ń gba ọjọ́ àyẹ̀wò, ní ilé ìwòsàn tí màmá Onísùúrù ti ń gbẹ̀bí. Odindi ọjọ́ mélòó kan ni ó fi dákú. Àwọn aláboyún kún ẹnu géètì, àwọn kan jókòó sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kàn. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan ti ru kí wọ́n tó rí i láàárín èrò. Ọpẹ́lọpẹ́ màmá tó jáde lọ síta tó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláboyún náà àti ọmọ inú rẹ̀ yè é.

Nígbà tí màmá gbọ́ pé èdè tí ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú ni wọ́n fi kọ ìkànnì náà, ó bi í léèrè, kò sì gbà kó fi ọgbọ́n dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá Atúdìí nílé bàbá rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ọmọ mi, mo ní wàá máa wá àlébù ọmọ mi kiri," ló wí. "Ó wà níbẹ̀. Èmi tí mo bí i ni mi ò wá a. Mi ò wá bẹ̀bẹ̀ fún un o. Mo kàn ní kí n wá wo ojú rẹ kí n sọ ọ́ ni."

Atúdìí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Onísùúrù ò tíì dé nígbà náà. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún gbogbo ayé: pé òótọ́ ni ohun tí Atúdìí rí, pé òun mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun ló kọ ibẹ̀, òun ló sì sẹ́ ẹ. Àwọn yòókù gba ìtọ́jú èdè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ iyàn kúrò lẹ́yìn orúkọ Atúdìí. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ pè é pé kó padà, Atúdìí ní òun ti rí iṣẹ́ síbòmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni Onísùúrù wá. Ó ti rù. Bàbá ṣílẹ̀kùn fún un, ó dá a lóhùn ìkíni, ó sì wọlé lọ, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú yàrá àlejò.

"Mo ti sọ ọ́," ni Onísùúrù wí.

"Mo kà á."

"Mi ò mọ ohun tó tún kù tí mo lè ṣe. Tó bá wà, sọ ọ́. Mo fẹ́ kí a tún bẹ̀rẹ̀."

Atúdìí wò ó. Ó ti rò pé ìbínú ló máa bá a, àmọ́ nǹkan tó rí nínú ara rẹ̀ burú ju ìbínú lọ, torí pé ó ṣì fẹ́ràn bí Onísùúrù ṣe ń di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ láàárín eékún.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní," ló wí. "Ká ní wọn ò kọlu ilé ìwòsàn yẹn, ká ní màmá ò bi ọ́, ṣé wàá sọ ọ́?"

 Atúdìí mọ̀ pé irọ́ kan wà nítòsí tó rọrùn, tó sì dùn, tí òun fúnra òun sì fẹ́ gbọ́.

"Rárá," ni Onísùúrù wí níkẹyìn. "Mi ò rò pé mo máa sọ ọ́. Mo máa fẹ́ ọ, màá sì máa gbé e kiri."

Ọkàn Atúdìí lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, gbogbo rẹ̀, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó jẹ́ kó lọ, kó sì padà.

"O ṣeun," ló wí. "Ọkùnrin tó dáhùn báyìí ni mo ti fẹ́ fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ jù kó tó dé."

Onísùúrù dìde. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kí bàbá láti ẹnu ọ̀nà, bàbá sì dáhùn láti inú ilé. Nígbà tí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún mọ́, bàbá jáde wá, ó fa àga kan sún mọ́ ti ọmọ rẹ̀, ó sì jókòó. Ìgbà náà ni Atúdìí tó sunkún. Bàbá ò ní kó dákẹ́. Ó jókòó tì í títí ẹkún náà fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.